Kí Ajá Yìí Má Ṣáà Kú

Èmi kọ́ ni mo ní ká ra ajá. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wà lára àwọn tó ń gbé ajá sórí ibùsùn. Ọkọ mi ló rà á. Àwọn olè wọ ẹ̀yìn ilé wa ní Ìgàndò, wọ́n gé ṣéènì tí a fi so jẹnẹrétọ̀ kékeré wa bí ẹni ń gé ilá, wọ́n gbé e lọ, èmi sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìbàdàn ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ láyé ìgbà yẹn, ìparí oṣù ló máa ń wálé, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́ pé èmi nìkan ni mò ń dá gbélé. Nígbà tó tún ń bọ̀, ó rí ọkùnrin kan tó ń ta ọmọ ajá lẹ́bàá títì ní Ẹgbẹ́dá, ó ra ọ̀kan, ó gbé e wọlé wá nínú páálí. Ó ní wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó tà á ni. Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó fi èmi àti ajá sílẹ̀ ká máa wojú ara wa.

Télọ̀ ni mí, inú pálọ̀ mi náà sì ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ fojú inú wo ọmọ ajá tí eyín ń yọ láàárín aṣọ oníbàárà. Ó fa etí léèsì ya, ó jẹ téèpù tí mo fi ń wọn ènìyàn títí ó fi ku ìdajì, ó tọ̀ sórí bébà tí mo ya sítáì sí. Bí mo bá tì í mọ́ ìta, yóò sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn fún un, yóò sáré wọlé wá tọ̀. Lọ́jọ́ kan mo dín ẹja, mo yíjú láti lọ mú iyọ̀, kí n tó padà dé, ẹja ti lọ. Ajá tí a rà kó máa lé olè, òun gan-an ló tún wá jà mí lólè. Mo gbá a nídìí, mo ṣépè fún un, mo ṣépè fún ẹni tó rà á, mo wá jókòó sídìí iṣẹ́ mi. Kò pẹ́ ni mo rí i pé ó ti gbé orí lé ẹsẹ̀ mi níbi tí mo ti ń tẹ ẹ̀rọ, ó ti sùn. Ẹsẹ̀ kan ni mo fi tẹ ẹ̀rọ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnì kankan, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: ọdún márùn-ún tí mo ti wà nílé ọkọ, mi ò tíì bímọ, wọ́n á ní ajá ni mo wá fi ṣọmọ.

Káfíńtà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé fúláàtì tó kọjú sí tiwa, òun àti ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà, àti ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo tí kò tíì tó ọmọ iléèwé. Ọgbà kan náà la jọ ń lò, kànga kan náà la jọ ń fà. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ Mùsùlùmí òdodo ni wọ́n, ajá mi kò sì mọ ààlà. Ó lọ ti ẹnu bọ ike tí Ìyá àgbà fi ń ṣe àlùwàlá. Ìyá kò pariwo. Ó gbé ike náà lọ sẹ́yìn, ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ó fi omi ṣàn án lọ́pọ̀ ìgbà, ó wá pè mí.

"Ìyàwó, ajá yín yìí dára o. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó mọ ilé tiyín, jàre."

Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá bá fẹ́ sọdá ọgbà, yóò ká ìró rẹ̀ mọ́ra títí yóò fi kọjá ẹnu ọ̀nà mi.

Àárọ̀ Sátidé kan ni nǹkan bàjẹ́. Mo ń yọ òwú lára aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ajá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ káfíńtà mú bisikíìtì dání, ó ń nà án sí ajá. Bí ajá bá ti fẹ́ gbà á, á fà á padà, á bú sẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ń bá a rẹ́rìn-ín. Ó tún nà án lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì tètè fà á. Ajá gba bisikíìtì, ó gba ọwọ́ mọ́ ọn. Igbe tí ọmọ yẹn ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sára aṣọ rẹ̀.

Kíá, ọgbà ti kún. Ẹnì kan láti ojú títì ní ká gé irun ìrù ajá, ká jó o, ká fi epo pupa pò ó, ká fi lé ojú egbò. Òmíràn ní rárá o, nílé àwọn, pípa ni wọ́n ń pa ajá náà, wọ́n á yan ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bù jẹ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Gbogbo wọn ló mọ oògùn rẹ̀, kò sí ẹni tó wo ọwọ́ ọmọ. Káfíńtà sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà nítòsí, "ẹ pa á" ló kọ́kọ́ gbọ́, ló bá wọlé lọ mú àdá. Mo ti gbé ajá mọ́ àyà. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e.

"Sọ ajá yẹn sílẹ̀!" ìyàwó rẹ̀ ké mọ́ mi. Láti ọjọ́ tí a ti jọ ń gbé, obìnrin yìí kò pè mí ní "o" rí. "O gbé ajá mọ́yà, ọmọ mi ń ṣẹ̀jẹ̀! Ṣé o bímọ rí ni? Báwo lo ṣe fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe abiyamọ?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo kàn dúró síbẹ̀, àyà ajá ń lù mọ́ tèmi. Káfíńtà ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìyá àgbà ló là wá. Ó gba àdá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ajá ò ní apá tó máa fi fò lọ. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ná!"

Mo ti ajá mọ́lé, mo gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ gbé ọwọ́ ọmọ sábẹ́ ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá, mo rò pé kò ní ṣíwọ́ mọ́. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀.

"Ajá ta ni?"

"Tèmi ni, mà."

"Káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ dà?"

Mo ní a ò gba káàdì. Ta ni mo fẹ́ ní ó sọ fún wa, ọkùnrin ẹ̀bá títì?

"Níbo ni ajá ọ̀hún wà báyìí?"

"Ó wà nílé," ni káfíńtà dáhùn. "Tá a bá ti délé báyìí, pípa la máa pa á."

Nọ́ọ̀sì pa ẹ̀rọ omi, ó kọjú sí i.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ ò gbọdọ̀ pa á. Tí àrùn dìgbòlugi bá ti wà lẹ́nu ajá yẹn nígbà tó bù ú jẹ, ajá fúnra ẹ̀ ò ní lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ kí àrùn náà tó dá a wó. Tó bá ṣì ń jẹ tó ń mu lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá pa á lónìí, ta lẹ fẹ́ bi léèrè? A máa fún ọmọ lábẹ́rẹ́, àmọ́ ẹ máa ṣọ́ ajá yẹn lójú méjèèjì."

Ìyàwó béèrè pé tí ajá bá wá kú ńkọ́.

"Kẹ́ ẹ sáré gbé ọmọ padà wá lójú ẹsẹ̀. Àrùn yẹn, tó bá fi lè fara hàn lára ènìyàn, kò sóògùn ẹ̀ mọ́."

Nígbà tí wọ́n fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tán, a jáde sínú oòrùn, káfíńtà sì dúró níwájú mi.

"Àǹtí, ẹ gbọ́. Kí ajá yín má kú títí ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Lọ́jọ́ tó bá pé, tí ọmọ mi bá bọ́, màá pa á. Mi ò ní jẹ́ kó bu ẹlòmíì jẹ. Ṣé ẹ gbà?"

Ìyàwó rẹ̀ ń wò mí, ọmọ wà léjìká rẹ̀, ó ń fa imú. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní mo gbà.

Bí ìdààmú tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí ọmọ, mò ń bẹ Ọlọ́run kí ọjọ́ sáré. Nítorí ajá, mò ń bẹ̀ Ẹ́ kó má sáré. Mi ò mọ èyí tó yẹ kí Ó gbọ́ níbẹ̀.

Kí ajá má baà sá lọ, káfíńtà kan àgò fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Àjákù igi ló lò, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ jákujàku. Ó fá igi, ó wọ̀n ọ́n, ó fi àlàfo sí àárín wọn kí a lè máa rí ẹnu ajá láti ibi gbogbo. Gbogbo ìṣó tó ń gbá, ó dà bíi pé àyà mi ló ń gbá a sí. Nígbà tí ajá wọ inú rẹ̀ tán, ó kan ẹnu àgò pa, ó fi ihò kékeré kan sílẹ̀ tí abọ́ lè gbà wọlé.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ajá dìgbòlugi máa ń sá fún omi, nítorí náà omi la fi ń wò ó. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, tí ojú mọ́, káfíńtà á fa omi ní kànga, á ti abọ́ wọ inú àgò, a ó sì dúró yí i ká, èmi, òun àti ìyàwó rẹ̀, kò sí ẹni tó ń kí ẹnì kejì. Ajá á wò wá, á fi ìrù lu igi, á wá lá omi. Ìgbà náà ni ìyàwó yóò tó mí kanlẹ̀, á wọlé lọ. Ìyá àgbà kì í sún mọ́ wa, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni yóò ti béèrè bóyá ó mu ún. Tí a bá ti ní ó mu ún, yóò gbé tèsùbáà rẹ̀, yóò padà sórí ẹní.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí sọ́dọ̀.

"Ìyàwó, kí lorúkọ ajá yẹn?"

"A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, Ìyá. Ọkọ mi ní ó dìgbà tó bá gbó olè."

"Àdúrà ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún un. Àlùfáà wá ní kí n mú orúkọ ẹ̀ wá, àti orúkọ ìyá ẹ̀."

Mo wo ojú Ìyá bóyá á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò jẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀bá títì ni wọ́n ti rà á, a ò mọ ìyá ẹ̀.

"Ọlọ́run tó dá a mọ̀ ọ́n," ló wí. "Màá ṣáà júwe ẹ̀ fún Àlùfáà."

Mo fíláàṣì ọkọ mi, ó pè mí padà. Ó ní kí n gbé ajá lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá òun ní Àgbàdo lọ́gán, wọn ò ní rí i pa níbẹ̀. Mo ní tí wọn ò bá rí ajá ṣọ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọmọ àwọn bọ́? Ó ní ṣé nítorí ajá lásánlàsàn ni mo ṣe ń sunkún. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Òun ló ra ajá, òun ló gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́, ó wá jókòó sí Ìbàdàn, ó ń fi ẹnu pàṣẹ.

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ pé ni ajá kọ omi.

Káfíńtà ti abọ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe, ajá yíjú kúrò. Ìrù rẹ̀ kò mì. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń ṣe yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ sára igi. Káfíńtà kúnlẹ̀, ó tún sún abọ́ sí i.

"Mu ún," ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mu ún, jọ̀ọ́. Mu ún."

Ajá na ọrùn, ó bì. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó jáde láti inú yàrá, ó ní ara ọmọ gbóná. Kò tíì rí ajá nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tó rí i, ó ká ọwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà tó ń sá fún ajá láti ọjọ́ yìí wá, mo ṣàdédé rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò, kò rántí ká ìró mọ́ra.

"Ẹ dìde," ló wí. "Èmi àti ìyá ọmọ, a ó gbé ọmọ lọ. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbé ajá."

Dókítà ẹranko kan wà ní Ìdímù. A gbé àgò wọ inú kẹ̀kẹ́, a gbé e lé itan àwa méjèèjì, ajá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kò mira. Oníkẹ̀kẹ́ bi wá bóyá kò ní bu òun jẹ, a ní kó ṣáà máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Káfíńtà ń ka àdúrà sábẹ́ ahọ́n. Ọkùnrin tó fẹ́ pa ajá mi ló jókòó tì mí yìí, mo sì ń káàánú rẹ̀. Ohun tó bá ojú, ó ti bá imú.

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, káfíńtà yọ ìṣó ẹnu àgò, dókítà wo ẹnu ajá, ó tẹ ikùn rẹ̀ tó le bí ìlù. Ó bi mí léèrè ohun tí mo ń fún un jẹ. Mo ní ìrẹsì àti edé díẹ̀. Ó nawọ́ sí ohun tí ajá tún bì sílẹ̀.

"Ìrẹsì kọ́ lèyí. Orí ẹja nìyí. Èyí dà bíi mósà. Ta ló sì ń fún un lẹ́yin?"

Káfíńtà wúkọ́.

"Èmi ni," ó ń wo ara ògiri. "Mo rò pé á fún un lágbára ni."

"Mi ò rí ohun tó jọ dìgbòlugi níbí. Àjẹjù ni. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ lẹ́rán o. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kó ti mu omi. Tí kò bá mu ún, ẹ tètè padà wá."

Ó fún un lóògùn, a kan ẹnu àgò padà, a gbé e padà sílé. Ìyàwó àti Ìyá ti dé ṣáájú wa. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n tún fún un lánàá ló mú kí ara ọmọ gbóná, ó ti ń rọlẹ̀. Káfíńtà wá béèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìyá ní òun ló fún un ní mósà, sàárà ni òun fi ṣe, kí Ọlọ́run lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ìyàwó tẹ orí ba, ó ní òun lòun ń kó orí ẹja sí i. Kálukú ló ń yọ́ lọ bọ́ ọ, kálukú rò pé òun nìkan ni. Lọ́jọ́ mìíràn à bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù kò jẹ́. A jókòó yí àgò ká bí ẹni ṣọ́ aláìsàn, mi ò rán aṣọ, káfíńtà ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí ajá tó dìde. Ó fì, ó nàró, ó rọra ti imú bọ omi, ó lá a. Ó tún lá a. Ìyàwó hó yèè, ó dì mọ́ mi, ó dì mí gbádígbádí kó tó rántí pé ìjà wà láàárín wa. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó nu ojú.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, ẹ má bínú."

"A kì í rẹ́ ká má jà," ni Ìyá àgbà bá a fi sí i.

Mo ní mi ò bínú. Irọ́ ni, ó ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé ọmọ lọ han nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n máa lọ dúpẹ́. Ìyàwó jó wọ ọgbà, mo bá a jó, inú mi sì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n káfíńtà ni mò ń wò. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ajá ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó ti gbàgbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn mi. Òòlù àti okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé àdá sábẹ́ apá.

"Àǹtí, mo ti dé."

Ẹnu mi ni mo fi gbà, ọmọ rẹ̀ sì ni ajá mi bù jẹ. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ. Ó ní kí n fún un. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, káfíńtà yọ ìṣó ẹnu àgò lọ́kọ̀ọ̀kan, ajá bẹ́ jáde, ó sì lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń lá a lọ́wọ́. Ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n jọ jáde lẹ́nu géètì, wọ́n kọrí sí igbó tó wà lẹ́bàá odò, ajá ń sáré níwájú, ó ń ju ìrù, ó ṣáà mọ̀ pé ẹni tó ń fún òun lẹ́yin ló ń mú òun lọ.

Mo wọlé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ láìsí òwú nínú rẹ̀. Mo bínú sí ọkọ mi, mo bínú sí bisikíìtì, mo bínú sí Ọlọ́run díẹ̀. Ìyàwó káfíńtà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò lè wọlé, kò sì lè lọ. Ọmọ rẹ̀ ń bi í pé ajá dà. Ó kàn fà á mọ́ra.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí géètì dún. Ìyàwó ló kọ́kọ́ rí wọn, ó pè mí, mo sáré jáde. Káfíńtà ń bọ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ajá wà nídìí okùn, ẹrẹ̀ bò ó dé ikùn. Àdá ṣì wà nínú ìwé ìròyìn. Ó jókòó sórí pèpéle mi, kò wò mí lójú.

"Mo so ó mọ́ igi, mo yọ àdá," ló wí. "Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi. Àǹtí, láti àsùbáà dé ìṣáì ni mo fi bẹ Ọlọ́run kí ajá yìí má kú. Gbogbo ìrun. Iwájú orí ni mo fi lélẹ̀ tí mo bẹ̀ Ẹ́. Ó sì gbọ́. Ṣé kí n wá tún padà lọ bá A pé, Ọlọ́run, mo dúpẹ́, mo ti pa á?"

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo sunkún. Ó ní kí n dìde, jàre, kí n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.